Gígun Àpáta ní Ìbẹ̀rẹ̀ Òjò

Kókó tí ètò wa dá lé lórí ní àṣálẹ́ yìí ni gígun òkè, pàápàá jù lọ gígun àpáta ní àkókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ rọrùn létí, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ìkíní, kí ni ó ń mú kí ènìyàn fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀, kí ó máa gun òkè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lé e? Ìkejì, báwo ni ìgbà inú ọdún ṣe ń yí òkè padà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń gùn ún? Ìkẹta, kí ni ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Olúmọ mọ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́?

ÀWỌN TÍ Ń LÉ ÒJÒ DÍDÌ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkèèrè, kí a lè mọ iyì ohun tí ó wà nílé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nígbà òtútù, òjò dídì a máa bo àwọn òkè gíga. Àwọn ènìyàn a sì máa lọ ṣeré lórí rẹ̀ pẹ̀lú síkì, èyíinì ni ohun gígùn pẹlẹbẹ méjì tí a ń dè mọ́ bàtà, tí a fi ń yọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá di oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, tí ooru bá dé, òjò dídì a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé eléré gòkè a dáwọ́ dúró, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn a sì padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í padà. Wọn a gbé síkì wọn lé èjìká, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn fún wákàtí púpọ̀, wọn a máa wá ìṣẹ́kù òjò dídì kiri kọ́lọ́fín òkè. Bí wọ́n bá sì rí i, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn yóò fi yọ̀ ọ́ tán. Ẹni tí kò bá mọ adùn rẹ̀ yóò ní òmùgọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìrìn náà gan-an ni èrè tí wọ́n ń wá.

Báwo ni ìṣẹ́kù yìí ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ oòrùn? Ìdí mẹ́rin ni a lè tọ́ka sí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbá òjò dídì jọ sínú kòtò òkè nígbà òtútù, tí ó fi ń jinlẹ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn tó. Òjò dídì tí ó wà lókè a máa tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le gbagidi. Àwọ̀ funfun rẹ̀ náà a sì máa dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sí ojú ọ̀run.

Ewu ń bẹ nínú eré náà pẹ̀lú. Omi tí ó ti yọ́ a máa gbẹ́ ihò sí abẹ́ ìṣẹ́kù yìí, tí ẹni tí ó wà lókè kò fi ní mọ̀ pé ojú lásán ni òun dúró lé. Òkúta ni ó sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí òjò dídì pin sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà kì í wo òkè nìkan, a máa wo ìsàlẹ̀ kí ó tó gbéra.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń kọ àwọn tí ń lé òjò dídì lóminú. Ní ilẹ̀ Scotland, ní orí òkè Braeriach, ìṣẹ́kù kan wà tí wọ́n ń pè ní Sphinx. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni àkọsílẹ̀ sọ pé ó yọ́ tán pátápátá: ní 1933, 1959 àti 1996. Láti ìgbà tí a ti wọ ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun yìí, ó ti yọ́ tán ní 2003, 2006, 2017, 2018, 2021, 2022 àti 2023. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Òjò dídì ń rọ̀ ní Áfíríkà pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Mòrókò, wọ́n ń fi síkì ṣeré ní Oukaïmeden, nítòsí òkè Toubkal tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4,167. Ní ilẹ̀ Tansaníà, òkè Kilimanjaro ga tó mítà 5,895, yìnyín sì wà ní orí rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Láti 1912 di àkókò wa yìí, ohun tí ó ti pòórá nínú yìnyín náà ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ.

BÍ OLÚMỌ ṢE DÉ IBI TÍ Ó WÀ

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, a kò ní òjò dídì. Ohun tí a ní ni àpáta àti òjò. Olúmọ, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta, ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Bí a bá fi wé Kilimanjaro, ọmọdé ni; ṣùgbọ́n a kì í fi gíga nìkan wọn òkè.

Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni a ti dá irú òkúta yìí, tí wọ́n ń pè ní gíráníìtì. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun gbígbóná tí ó yọ́ bí epo ni, kí ó tó tutù díẹ̀díẹ̀ tí ó sì di òkúta. Lẹ́yìn náà ni òjò àti odò fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún gbá ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ, tí àpáta fi yọrí síta. Oòrùn a máa mú un gbóná lọ́sàn-án, òru a máa mú un tutù, títí ara rẹ̀ yóò fi máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí àwọn àpáta Abẹ́òkúta fi rí róbótó. Àwọn òkúta ńláńlá tí a ń rí tí wọ́n dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ré lulẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbé síbẹ̀. Ìyókù àpáta tí ó ti bó ni wọ́n.

Àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ ní 1830 lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Abẹ́ àpáta ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni ìlú sì ti gba orúkọ: Abẹ́ òkúta. Títí di òní, a ń fi ihò abẹ́ àpáta han àlejò, níbi tí àwọn baba ńlá wa fi ṣe ilé nígbà ìpọ́njú. Ní 1851 àti ní 1864, ọmọ ogun Dàhòmì kógun ja ìlú náà, wọn kò sì rí i kó. Nítorí náà, àwọn Ẹ̀gbá kò gun òkè wọn fún eré ní àkọ́kọ́. Ẹ̀mí ni wọ́n wá síbẹ̀. Àpáta náà jẹ́ ibi ìjọsìn pẹ̀lú, a sì máa ń rúbọ sí i. Ẹni tí ó bá ń gùn ún lónìí ń tẹ ilé ààbò àti ojúbọ mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ó fi ọ̀wọ̀ rìn.

OHUN TÍ ÒJÒ Ń FI SÍLẸ̀

Nínú ọyẹ́, àpáta a máa gbẹ, ẹsẹ̀ a sì máa dúró lórí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ara gíráníìtì rí ṣákiṣàki. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run. Ẹni tí ó bá gun Olúmọ nígbà náà lè máà rí ju òrùlé tí ó wà ní ìtòsí lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, ojú ọ̀run a mọ́ kedere. Láti orí àpáta, odò Ògùn a hàn, àwọn òrùlé páànù tí ó ti pọ́n a tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké a sì hàn láàárín wọn. Omi a máa dúró nínú àwọn kòtò kéékèèké orí àpáta. Èyí ni ohun tí ìgbà fi sílẹ̀ fún wa, gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́kù òjò dídì ti jẹ́ fún àwọn ará òkè òkun.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọdé rí lórí Olúmọ tí kò lè rí nínú ìwé: bí ìlú kan ṣe tò yí òkúta ká, àti ìdí tí wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀.

Àkókò kan náà yìí ni ewu pọ̀ jù. Òjò àkọ́rọ̀ a máa po eruku ọyẹ́ mọ́ omi, a sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Bí òjò bá ti wá ń rọ̀ léraléra, nǹkan aláwọ̀ ewé tín-ín-rín a máa hù sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn. Ibi tí ó bá dúdú tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé lára àpáta kì í ṣe ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó sì le ju ìgòkè lọ, nítorí pé ó ti rẹ ẹsẹ̀, ara sì ti ń kánjú àtidé ilé.

ÌMỌ̀RÀN FÚN OLÙKỌ́

Ẹ̀yin olùkọ́, òwúrọ̀ ni kí ẹ gbé akẹ́kọ̀ọ́ gòkè. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sábà máa ń jà, lẹ́yìn tí ooru bá ti mú. Bí mànàmáná bá kọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Ìró ń rin nǹkan bí kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí òǹkà yín kò bá tó 30, ìjì náà kò jìnnà tó kìlómítà 10, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti máa sọ̀ kalẹ̀. Orí àpáta tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu kì í ṣe ibi tí a ń dúró de àrá, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ igi kan ṣoṣo kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Lẹ́yìn àrá ìkẹyìn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún gòkè. Òwe wa sọ pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ kò dán. Kí olùkọ́ kan ṣíwájú, kí èkejì kẹ́yìn. Kí wọ́n sì tẹ̀lé afinimọ̀nà, nítorí pé ẹni tí ń gun àpáta náà lójoojúmọ́ ni ó mọ ibi tí omi ń gbà.

ẸSẸ̀ TÀBÍ Ẹ̀RỌ?

Nígbà tí wọ́n tún àyíká Olúmọ ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé àgbàlagbà àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ní ẹ̀tọ́ láti rí ìlú láti òkè. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le má ṣe rò pé òun ti mọ Olúmọ nítorí pé ẹ̀rọ gbé òun dé orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó ń kọ́ ènìyàn bí òkúta ti rí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò sì parí sí orí òkè. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ni ó ń sáré wá sí ìsàlẹ̀, lọ sínú àwọn odò kéékèèké tí ó gba àárín ìlú kọjá, kí ó tó dé odò Ògùn. Ní oṣù Keje ọdún 2018, omíyalé ṣọṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ó gbé ènìyàn lọ, ó sì ba ilé jẹ́. Ibi tí a bá ti kọ́lé dí ojú odò, tàbí tí a da ìdọ̀tí dí ojú àgbàrá, omi tí ó ti orí àpáta sọ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti dúró lórí Olúmọ lẹ́yìn òjò, tí ó fi ojú ara rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tí omi gbà sọ̀ kalẹ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn ará Scotland ń ka iye ìgbà tí ìṣẹ́kù òjò dídì wọn yọ́ tán, nítorí pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lọ wò ó lọ́dọọdún. Àwa náà ní àpáta tí a lè máa lọ wò. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí, ibi tí omi dúró sí lórí àpáta, àti ibi tí ó gbà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé náà yóò wúlò fún gbogbo ìlú.