Kámẹ́rà Tó Ń Wọn Bí Nǹkan Ṣe Jìnnà Tó

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ ìṣeré ló gbé kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i wọ pálọ̀ àwọn èèyàn? Kinect lorúkọ rẹ̀. Microsoft gbé e jáde fún Xbox 360 ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, kí èèyàn lè fi apá àti ẹsẹ̀ ta géèmù láìdi ohunkóhun mú. Mílíọ̀nù 8 ni wọ́n tà láàárín 60 ọjọ́.

Kámẹ́rà lásán, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ló mọ̀. Ọmọdé tó wà nítòsí àti àgbà tó wà lókèèrè lè ga bákan náà nínú àwòrán rẹ̀. Kinect ní tirẹ̀ a máa da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí sára ohun gbogbo nínú yàrá, á wo bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti ṣírò bí nǹkan ṣe jìnnà tó.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì náà sáré rà á? Nǹkan bí 150 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ léésà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ilé-iṣẹ́ Adafruit fi 3,000 dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ètò tí kọ̀ǹpútà mìíràn yóò fi lè lò ó. Héctor Martín, ọmọ Sípéènì, gba owó náà kí Kinect tó pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́jà. Kò pẹ́ tí Kinect fi dé orí róbọ́ọ̀tì TurtleBot. Ní ilé ìwòsàn Sunnybrook ní Toronto, àwọn oníṣẹ́-abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i nígbà náà láti ṣí àwòrán inú ara aláìsàn, kí ọwọ́ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ má baà kan kọ̀ǹpútà.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n yìí lè wà lápò rẹ báyìí? PrimeSense, ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó pilẹ̀ rẹ̀, ni Apple rà ní 2013. Ní 2017, iPhone X bẹ̀rẹ̀ sí í da àmì tó lé ní 30,000 sójú ẹni tó ni ín kó tó ṣí.

Àwọn kámẹ́rà mìíràn kì í ka àmì. Àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi lọ tó fi bọ̀ ni wọ́n ń wọn, èyí ló sì yà mí lẹ́nu jù, torí bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nínú ìdá kan ṣoṣo ìmọ́lẹ̀ ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30.

Gíláàsì ṣì ń tàn wọ́n jẹ. Oòrùn ọ̀sán a sì máa bo ìmọ́lẹ̀ wọn mọ́lẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2020, irú kámẹ́rà yìí nínú iPhone 12 Pro lè sọ fún afọ́jú bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣe jìnnà tó? Bí afọ́jú náà bá wà lórí ìlà, á mọ̀ pé ẹni iwájú ti sún. Lójú tèmi, nínú gbogbo ìlò kámẹ́rà yìí, kò sí èyí tó níyì tó o.