Kọ́ìlì Wo Ni Ó Bá Alùpùpù Àtijọ́ Mu?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ́ìlì alùpùpù rí. Bí a bá to mẹ́wàá sórí tábìlì ẹni tí ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: dúdú ni wọ́n, wáyà sísanra sì ń jáde lára wọn lọ sí plọ́ọ̀gì. Síbẹ̀, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára alùpùpù kan lè ba òmíràn jẹ́. Nítorí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí a ṣì ń gun alùpùpù tí ó ti pẹ́ ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń yan èyí tí ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí kọ́ìlì ń ṣe. Iná volt 6 tàbí 12 tí ó wà nínú bátìrì kò lágbára tó láti fò kọjá àlàfo kékeré tí ó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ni ìyẹn ń béèrè. Ìmọ̀ tí Michael Faraday, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣàwárí ní ọdún 1831 ni ó yanjú ìṣòro yìí. Wáyà méjì ni a wé mọ́ irin nínú kọ́ìlì. Ọ̀kan nípọn, ìgbà ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni a sì wé e. Èkejì tín-ín-rín bí irun orí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni a wé e. N ó máa pe èyí tí ó nípọn ní wáyà ìyá, n ó sì máa pe èkejì ní wáyà ọmọ. Iná bátìrì a máa gba inú wáyà ìyá kọjá. Bí a bá já iná náà lójijì, agbára tí ó ti kó jọ sára irin a ya lu wáyà ọmọ, a sì di iná ńlá tí ó ń fò lẹ́nu plọ́ọ̀gì.

Ohun tí ó ń já iná yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Lára alùpùpù àtijọ́ tí ó ń lo bátìrì, kọ́ńtáàtì ni: irin kékeré méjì tí ń pàdé, tí sì ń yà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó ń lo tíránsístọ̀ dé. Ẹ̀kẹta ni CDI, èyí tí kì í rán iná bátìrì sí kọ́ìlì rárá. Ṣe ni ó ń kó iná bíi volt 200 sí 400 jọ, tí ó sì ń tú u sínú wáyà ìyá lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí, agbára tí wáyà ìyá fi ń dí iná lọ́nà, èyí tí a ń fi ohm wọ̀n, yàtọ̀ láàárín wọn. Ti kọ́ńtáàtì oní-volt 12 sábà máa ń tó ohm 4. Ti tíránsístọ̀ jẹ́ 2 sí 3. Ti CDI kì í sábà pé ohm 1.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Bí a bá fi ohm pín volt, ampere tí yóò kọjá ni a ó rí. Volt 12 lórí ohm 4 jẹ́ ampere 3, kọ́ńtáàtì sì lè fara da èyí pẹ́. Bí a bá fi kọ́ìlì tíránsístọ̀ oní-ohm 2 rọ́pò rẹ̀, ó di ampere 6, kọ́ńtáàtì yóò sì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti CDI oní-ohm ààbọ̀, ó di ampere 24! Ìdí nìyí tí kọ́ìlì volt 6 náà kò fi yẹ alùpùpù volt 12. Bí a bá sì fi ti volt 12 sí alùpùpù volt 6, ìdajì iná ni yóò gbà, plọ́ọ̀gì yóò sì máa ṣe òjòjò.

Ẹ wo Honda CD175. Volt 6 ni iná rẹ̀, kọ́ńtáàtì ni ó ń lo, pístìnnì rẹ̀ méjèèjì jọ ń gòkè jọ ń sọ̀kalẹ̀, kọ́ìlì kan ṣoṣo tí ó ní wáyà plọ́ọ̀gì méjì ni ó sì ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ti CDI, oní-wáyà kan, ni kọ́ìlì àwọn alùpùpù tí a ṣe láti Ṣáínà ní àwòkọ Honda CG125. Òun ni ó sì rọrùn jù láti rí rà. Púpọ̀ nínú irú èyí ní ẹnu wáyà kékeré kan ṣoṣo, nítorí pé ara férémù ni iná rẹ̀ ń gbà padà. Bí a bá so ó mọ́ bátìrì, iná yóò gba ara férémù lọ láìdé ọ̀dọ̀ kọ́ńtáàtì tí ó yẹ kí ó já a. Ẹnu méjì ni ti kọ́ńtáàtì máa ń ní: ọ̀kan fún bátìrì, ọ̀kan fún kọ́ńtáàtì. Ẹ ka iye wáyà plọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Honda CB750 tí ó jáde ní 1969 ní kọ́ìlì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ plọ́ọ̀gì méjì.

Kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí á rí i dájú pé kọ́ìlì ni ó bàjẹ́. Alùpùpù tí ó ń kú bí ó bá gbóná, tí ó ń jí bí ó bá tutù, lè jẹ́ pé kọ̀ńdẹ́ńsà ni ó ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì tó ti kọ́ìlì. Ẹ wo kọ̀ńdẹ́ńsà, kọ́ńtáàtì àti bátìrì ná. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú mítà tí àwọn oníríwáyà ń lò, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ sì yọ iye tí ó bá kọ kúrò nínú ohun tí ẹ bá wọ̀n lára wáyà ìyá. Ẹ wọn kọ́ìlì náà nígbà tí ó tutù àti nígbà tí ó gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ wọn wáyà ọmọ, ẹ yọ fìlà plọ́ọ̀gì kúrò, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ní ohm 5,000 tiwọn nínú.

N kò kọ èyí láti kọ́ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ní iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwa ni a ó san owó náà, àwa náà ni alùpùpù yóò kú mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ní alẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí ìwé kí ẹ tó lọ sí ọjà: volt bátìrì yín, ohun tí ó ń já iná, ohm wáyà ìyá, àti iye wáyà plọ́ọ̀gì. Bí ẹni tí ó ń tà á bá sọ pé bákan náà ni gbogbo wọn, ẹ rọra ní kí ó yọ̀ǹda kí ẹ fi mítà wọn tirẹ̀ wò. Ire o.