Wíkẹ́ńdì Nínú Bàálù Kékeré: Ohun Tó Yẹ Ká Béèrè Kí A Tó Dá Owó

Festac Town ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo kan tó ń ré kọjá lórí wa, ẹ má bínú, bàálù ni. Ìlú tiwa yìí, àlejò tó wọ bàálù wá ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ, àwọn tó wá ṣe àjọ̀dún FESTAC láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn àlejò ti lọ, ariwo bàálù kò lọ. Bàálù a máa kọjú sí atẹ́gùn kí ó tó gbéra, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé láti ìhà òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sí Èkó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàálù tó gbéra ní Ikeja fi máa ń kọjú sí gúúsù, tí wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sórí omi.

Ọ̀rọ̀ bàálù náà ni ti òní. Arábìnrin kan tó ń gbé ní Amuwo-Odofin ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ọ̀rẹ́ òun mọ ẹnì kan tó ní láísẹ́ǹsì láti wa bàálù kékeré. Wọ́n fẹ́ lọ gbádùn ní Kútọnu, kí wọ́n lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n padà lọ́jọ́ Àìkú, nítorí pé gbogbo wọn ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kí oníkálukú mú owó wá. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ?"

Àǹtí mi, mo máa dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá kàn sọ pé ẹ lọ tàbí ẹ má lọ, ìdáhùn yẹn kò ní wúlò fún ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láísẹ́ǹsì wo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Ìwé àṣẹ àwọn awakọ̀ òfuurufú, ìpele ìpele ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní PPL ni ti aládàáni. Nínú ìlànà ICAO, tí Nàìjíríà náà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 17, kí dókítà tí wọ́n yàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó yege nínú ìdánwò, kí ó sì ti fò tó wákàtí 40. Tó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ló ti kọ́ ọ, 35 lè tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní CPL ni ti ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun. Ìyẹn ń béèrè wákàtí 200, tàbí 150 fún ẹni tó kọ́ ọ tààrà nílé-ẹ̀kọ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ilẹ̀ wa, àwọn kan ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Zaria láti ọdún 1964, àwọn kan ń kọ́ ọ ní Ilorin.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe ti wákàtí nìkan. Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò ṣe àpèjúwe. Ẹni tó ní mọ́tò ilé lè gbé ìyàwó, ó lè gbé ọmọ, ó lè gbé ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n tó bá dúró sí Mile 2, tó wá ń ké pé "Badagry, ó ku ẹnì kan!", ó ti di kabúkabú nìyẹn. Ẹni tó ní PPL kò gbọ́dọ̀ ṣe kabúkabú lójú ọ̀run. Ó lè gbé èèyàn, kò gbọ́dọ̀ gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, èésú ni

Àwọn kan á ní, ta ló lówó tó fi ń wa bàálù kiri ní wíkẹ́ńdì? Òótọ́ ni pé bàálù kékeré gan-an, owó ńlá ni. Ohun tí àwọn tí kì í ṣe olówó ṣe sí i láyé àtijọ́ ni pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1925, ìjọba Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í ran irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni London Aeroplane Club, tó wà ní Stag Lane. Ibẹ̀ ni Amy Johnson ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Iṣẹ́ títẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà ló ń ṣe, iṣẹ́ oṣù lásán. Ó gba láísẹ́ǹsì ní 1929. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, òun nìkan wa bàálù láti England dé Australia.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Chicago rí i pé àwọn pápákọ̀ òfuurufú tó wà nígbà yẹn kò fẹ́ wọn. Cornelius Coffey àti John Robinson kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn míì, wọ́n dá ẹgbẹ́ Challenger sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ṣe pápá tiwọn sí ìlú Robbins ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Robinson yìí náà ló lọ ran Ethiopia lọ́wọ́ nígbà tí Ítálì gbógun tì í ní 1935. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èèyàn mẹ́wàá da owó pọ̀, wọ́n ra bàálù kan. Oníkálukú san owó ìwọlé. Lóṣooṣù, wọ́n á san iye kan fún ohun tí bàálù ń jẹ, yálà ó fò tàbí kò fò: owó ibi tí wọ́n gbé e sí, owó adójútòfò, owó àyẹ̀wò ọdọọdún. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá gbé e jáde á san owó wákàtí tó fi fò. Aago kan wà nínú bàálù tó ń ka ìyẹn. Nínú owó wákàtí náà ni wọ́n ti ń yọ díẹ̀ pamọ́ fún ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tó bá ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí 2,000, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á ní kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Ẹgbẹ́ tí kò bá tọ́jú owó yẹn, ọjọ́ kan ni wọ́n á jí, tí kò ní sí bàálù mọ́.

Àǹfààní tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, lójú tèmi, kì í ṣe ti owó. Ojú àwọn yòókù ni. Ẹgbẹ́ tó dáa kò ní fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ tí olùkọ́ kan kò bá tíì bá ẹ fò láti rí i pé ọwọ́ ẹ ṣì mọ́ ọn. Ẹni tó ń dá ṣe tiẹ̀ kò ní ẹni tó máa sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ má lọ lónìí."

Sátidé dùn, ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìrìnàjò Kútọnu yìí. Bàálù tí àwọn ẹgbẹ́ kárí ayé mọ̀ jù ni Cessna 172, tó ti ń fò láti 1955. Ìjókòó mẹ́rin ló ní. Ó lè sá tó nǹkan bí kìlómítà 220 ní wákàtí kan, ó sì ń jẹ epo bíi lítà 35 láàárín wákàtí yẹn. Láti Ikeja sí Kútọnu lójú òfuurufú kò ju nǹkan bí kìlómítà 106 lọ. Ibadan ń lọ sí 113. Lomé tó 230, Akure náà tó bẹ́ẹ̀. Accra jẹ́ 400. Ẹni tó ti jókòó sínú mọ́tò láti Mile 2 dé Sèmè, tó mọ iye ibi tí wọ́n ti dá a dúró, á gbọ́ pé ààbọ̀ wákàtí ni Kútọnu, orí ẹ̀ á wú.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ẹ ò lè gbéra láti pápá bọ́ọ̀lù Festac. Ikeja lẹ ó lọ, ẹ ó ko súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Oshodi. Ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n àti kọ́sítọ́ọ̀mù ní ìlú méjèèjì. Wọ́n á kọ ìwé ìrìnàjò bàálù sílẹ̀. Epo tún ń kọ́? Avgas ni ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ń mu, kì í ṣe epo tí àwọn bàálù ńlá ń mu, kì í sì í ṣe gbogbo pápákọ̀ ni wọ́n ti ń tà á. Ìjókòó mẹ́rin náà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Cessna 172S kò gbọ́dọ̀ wúwo ju kílò 1,157 lọ nígbà tó bá ń gbéra. Tí wọ́n bá rọ epo kún táńkì, ohun tó kù kì í sábà gba àgbàlagbà mẹ́rin pẹ̀lú báàgì wọn. Ọjà tí ẹ fẹ́ rà bọ̀ láti Dantokpa, ibo lẹ fẹ́ kó o sí?

Gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ wàhálà lásán. Ewu gidi wà nínú ojú ọjọ́ àti ìkánjú. Ẹni tó ní PPL nìkan, tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irinṣẹ́ inú bàálù nìkan fò, ojú ló fi ń wakọ̀. Ìlànà ní ó gbọ́dọ̀ máa rí tó kìlómítà 5 níwájú, kí ó sì jìnnà sí ìkùukùu. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku Sàhárà lè bo gbogbo ibẹ̀. Ní àsìkò òjò, ìjì lè dé lọ́sàn-án gangan.

Kí ló dé tí àìríran fi burú tó bẹ́ẹ̀? Inú etí wa ni ohun tó ń sọ fún wa bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a tẹ̀ wà, ojú ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Gbogbo wa la ti yí pòòyì rí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Tí o bá dúró, tí o di ojú, ṣebí ó ń ṣe ẹ́ bíi pé o ṣì ń yí? Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún awakọ̀ tí kò rí ilẹ̀ mọ́. Bàálù á ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara ẹ̀ á máa sọ fún un pé ohun gbogbo wà déédéé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí John Kennedy, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa, nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1999, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí wọn. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Òkùnkùn wà lórí òkun, kùrukùru wà, kò sì ní ìwé àṣẹ fífi irinṣẹ́ fò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú sínú òkun. Àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé kò mọ ipò tí bàálù wà mọ́ ló fà á. Ìrìnàjò wíkẹ́ńdì ni o. Kì í ṣe ogun.

Ẹ wá wo ètò tí àǹtí wa sọ. Gbogbo wọn ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú wa ló ń ti ìlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, èèyàn mẹ́ta á máa wo ojú awakọ̀, ọ̀gá wọn á máa dúró dè wọ́n. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ á sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò." Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú bàálù kékeré.

Owó yín ń kọ́?

Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà pé kí awakọ̀ aládàáni àti àwọn tó gbé pín owó epo, owó pápákọ̀ àti owó yíyá bàálù, ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Bìrìtìkó náà gbà á, tí èèyàn inú bàálù kò bá ju mẹ́fà lọ pẹ̀lú awakọ̀, tí awakọ̀ náà sì san tiẹ̀. Nílé níbí, NCAA kò fi ọ̀rọ̀ kabúkabú òfuurufú ṣeré. Ní 2024, wọ́n dá ìwé àṣẹ àwọn kan tó ní bàálù aládàáni dúró. Tí ẹ bá sì wọ bàálù tó ń ṣe ohun tí ìwé ẹ̀ kò gbà, tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé kò kan àwọn.

Nítorí náà, àǹtí mi, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bi ọkùnrin náà. Ẹ ní kó fi láísẹ́ǹsì àti ìwé dókítà hàn yín, kó sì sọ ìgbà tó fò kẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá ti gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 90 kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn. Ẹ béèrè ta ló ni bàálù, àti bóyá adójútòfò ẹ̀ kan èrò. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò owó náà, kó sì fi ibi tí òfin NCAA ti fún un láyè hàn yín kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: "Tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí la máa ṣe?"

Tó bá ní, "A máa sùn síbẹ̀, tàbí kí ẹ wọ mọ́tò gba Sèmè padà, ẹ mú owó mọ́tò dání," awakọ̀ gidi nìyẹn. Tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní kò sí ìṣòro, ẹ dúró sílé. Tó bá sì jẹ́ pé iye kan ni wọ́n dá lé oníkálukú, tí òun alára kò ní san nǹkan kan, owó ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe èésú. Ẹ má wọ̀ ọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pe ọ̀gá yín lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ gba ọjọ́ Ajé náà sílẹ̀. Tí gbogbo ìdáhùn ẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, tí ẹ sì lọ, tí ẹ bá ń kọjá lórí Festac, ẹ juwọ́ sí wa o. Ó dìgbà kan ná.