Ẹni tó bá fẹ́ wọ NDA, kó tètè múra. ‘Mo mọ ọ̀gá kan’ kò tó

Lọ́dọọdún, bí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun tó wà ní Kàdúná, Nigerian Defence Academy, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NDA, bá ti kéde pé òun fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ńṣe ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ ọ̀gá sọ́jà kiri. Ẹnìkan á ní àbúrò ìyàwó òun jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n mú owó wá kí òun bá wọn gba àyè. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ ń sáré kiri yìí lè má tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré kìlómítà kan rí.

Ìdí tí wọ́n fi ń du àyè náà kò fara sin. Láti ọdún 1964 ni NDA ti ń kọ́ àwọn tó ń di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfúrufú. Láti ọdún 1985 ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè dìgírì. Ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níbẹ̀, ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, iṣẹ́ sì ti ń dúró dè é kó tó jáde. Lọ́dún 1987, Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú, àti Olufemi Oluyede, ọmọ Èkìtì, jọ wọlé síbẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì ló di olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà, Lagbaja lọ́dún 2023, Oluyede lọ́dún 2024.

Ṣùgbọ́n ojú kan kọ́ ni wọ́n ti ń yan ọmọ. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ fi NDA ṣe àkọ́kọ́ nínú ìdánwò JAMB, kó gba fọ́ọ̀mù ní ojú òpó NDA fúnra rẹ̀, kó ṣe ìdánwò tiwọn, kí ó tó kan ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò wọn ní Kàdúná. Ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ń mú wọn. Ọmọ Ọ̀ṣun, ọmọ Ọ̀ṣun ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá du àyè. Nítorí náà, kírédíìtì márùn-ún tó pé gẹ́lẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi yangàn, gbogbo wọn ló ní i. Ẹni tó bá mọ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì dénú ni máàkì rẹ̀ ń ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìwé náà ní tirẹ̀. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí WAEC bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìbí, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Ó yẹ kí òbí ti tún èyí ṣe kí fọ́ọ̀mù tó jáde.

Ọ̀rọ̀ ara kò ṣe é fi owó rà rárá. Ọkùnrin tí kò bá ga tó mítà 1.68, tàbí obìnrin tí kò tó mítà 1.65, kò ní wọlé. Èyí tí ọmọ lè ṣe ni pé kó ti máa sáré láàárọ̀ fún oṣù mélòó kan ṣáájú, kó sì lọ sí ilé-ìwòsàn kí dókítà yẹ ojú, etí àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àìsàn tí wọ́n tètè rí lè gbóògùn. Èyí tí wọ́n bá bá lára rẹ̀ ní Kàdúná, ilé ló ń dá ọmọ padà sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú ni ìbéèrè pé, kí ló dé tó o fẹ́ di sọ́jà? ‘Mo fẹ́ sin ilẹ̀ baba mi’ ni kálukú ń dá lóhùn bí ayékòótọ́. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ inú NDA gan-an, wọ́n pa ọ̀gá ológun méjì, wọ́n sì gbé ẹnìkan lọ. Ọmọ tí kò bá tíì bá òbí rẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀ lórí irú ewu bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ìdáhùn. Ẹni tó bá ti rò ó dénú, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ Tolulope Arotile, ọmọ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ọdún 2011 ni NDA ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin, 20 péré ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Arotile wọlé. Ìṣirò ló kà níbẹ̀, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà, kó tó kú lọ́dún 2020 ní ọmọ ọdún 24.

Ní ti àwọn tó ń ta àyè, àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn kò dé ọjà rárá. Owó tí wọ́n bá gbà ti lọ nìyẹn, ọdún tó sì kọjá lórí ọmọ kò ṣe é gbà padà, torí pé bí ọmọ bá ti lé lọ́dún 21, NDA kì í gbà á mọ́. Owó náà ì bá sàn kí wọ́n fi san owó ẹ̀kọ́ ìṣirò, kí wọ́n sì fi ìyókù ra bàtà ìsáré.