Àìbáramu Akẹ́kọ̀ọ́ àti Alábòójútó Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Àìbáramu nínú ìwádìí ni kí àkòrí tí akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga yàn má bọ́ sí agbègbè ìmọ̀ alábòójútó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀wé. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá, ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àrànmọ́ fáwẹ́lì lè bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà lè tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti mọ̀ bóyá tíọ́rì tí ó lò yẹ iṣẹ́ náà. Ọdún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣòfò.

Èso ìbáramu máa ń hàn nínú iṣẹ́. Yunifásítì Edinburgh, níbi tí M.A.K. Halliday ti ń kọ́ni nígbà náà, ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Tíọ́rì Halliday sì ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé rẹ̀, A Grammar of Yoruba (1966).

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá kíyè sí àìbáramu: kí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ tún àkòrí gbé yẹ̀wò, kí ó wá alábòójútó kejì, tàbí kí ó fa akẹ́kọ̀ọ́ lé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Èyíkéyìí tí ó bá yàn, kí ó ṣe é kí àbá ìwádìí tó di ìtẹ́wọ́gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀: kí ó ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kí ó tó yan àkòrí.