Ṣùkù Àgbàdo, Èèpo Wọ́ọ̀nọ́ọ̀tì àti Abẹ́rẹ́ Irin: Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Fọ Ìkarahun Ọta

Ìkarahun ọta ìbọn tí a fi idẹ ṣe kì í parí iṣẹ́ lẹ́yìn yíyìn kan. Ọta ti fò lọ, ẹ̀tù ti jóná tán, ṣùgbọ́n idẹ ṣì wà níbẹ̀, ara rẹ̀ kàn dúdú fún èéfín ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ìbọn ṣe eré ìdárayá a máa ṣa àwọn ìkarahun yìí jọ, wọn a sì tún wọn kì nílé. Kí wọ́n tó kì í, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Iyanrìn tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè ha inú irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ìdọ̀tí sì lè bo ibi tó ti sán. Dídán kọ́ ni kókó iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń lé.

Nínú irú idẹ yìí, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ bàbà, 30 yòókù jẹ́ sínkì. Kò le bí irin, nítorí náà ohun ìfọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le tó láti bó ìdọ̀tí, kó má sì le débi pé yóò jẹ idẹ lára. Wọ́n á da ohun ìfọ̀ náà àti ìkarahun pọ̀ sínú abọ́ ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n rìrì, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí 2 sí 4.

Ṣùkù àgbàdo ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi asẹ́ yà á sí ìwọ̀n. Ó ń fa òróró mu, ó sì ń mú idẹ dán gbinrin, àmọ́ ìdọ̀tí tó ti pẹ́ kì í tètè gbọ́ tirẹ̀. Ìwọ̀n hóró rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe ń mú nǹkan dán lọ. Ní ìdí ìkarahun, ihò kékeré kan wà tí iná práímà, ìyẹn ohun tí ń tanná ran ẹ̀tù, ń gbà dé ibi ẹ̀tù. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Bí hóró bá há sí i, abẹ́rẹ́ ni wọn yóò fi yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ń tánni ní sùúrù. Èyí tí wọ́n ń pè ní 20/40 ló dára jù: ó ń gba inú asẹ́ tó ní ihò 20 nínú ínǹṣì kan kọjá, asẹ́ oníhò 40 sì ń dá a dúró. Ó kéré débi pé kì í sábà há.

Èèpo wọ́ọ̀nọ́ọ̀tì le ju ṣùkù lọ. Èyí kì í ṣe awùsá tiwa tí ń fà mọ́ igi. Igi ńlá ni, ìpínlẹ̀ California ni wọ́n sì ti ń gbìn ín jù ní Amẹ́ríkà. Etí hóró rẹ̀ mú, nítorí náà ó ń yára bó ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ kò tó ti ṣùkù. Àwọn kan ń po méjèèjì pọ̀, èyí sì bọ́gbọ́n mu. Àwọn mìíràn ń ra èèpo tí wọ́n ń tà fún títẹ́ ilé alángbá tí wọ́n ń sìn, torí pé owó rẹ̀ kéré.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi òróró ìdán kún un, kò gbọ́dọ̀ ní amóníà nínú. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, ìkarahun ọta tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ẹṣin máa ń sán fúnra wọn lásìkò òjò. Ní 1921, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Moore, Beckinsale àti Mallinson, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: amóníà ló ń ya idẹ tí agbára rírọ ṣì há mọ́ nínú, ìtọ̀ ẹṣin ló sì ti ń wá.

Àwọn tó fẹ́ kí inú ìkarahun náà mọ́ máa ń lo omi. Ìlù tí ń yí ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì kó abẹ́rẹ́ irin tí kì í dípẹtà sínú rẹ̀, èyí tó gùn tó mìlímítà 6.5, tó sì nípọn tó 1.2. Wọ́n á fi ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, pẹ̀lú ìwọ̀nba èròjà kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Bí èròjà yìí bá pọ̀ jù, yóò fa sínkì jáde lójú idẹ, ara rẹ̀ á sì pọ́n bíi bàbà. Bí ìlù bá yí pẹ́ jù, etí ìkarahun á máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan wò kí abẹ́rẹ́ kankan má kù síbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ dáadáa, torí omi ń ba ẹ̀tù jẹ́. Fún ìkarahun tí kò dọ̀tí púpọ̀, wàhálà yìí ti pọ̀ jù, ṣùkù tó.

Ewu òjé ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ práímà, ó sì ń di eruku nínú ohun ìfọ̀ gbígbẹ. Wọn kì í tan ẹ̀rọ yìí nínú ilé ìdáná tàbí níbi tí ọmọdé wà, wọ́n sì ń fi ìdérí bò ó títí yóò fi dúró. Bébà ìnuwọ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú abọ́ yóò fa púpọ̀ nínú eruku náà mu. Tí ṣùkù tàbí èèpo bá ti dúdú, a máa ń di í sínú ọ̀rá kí a tó sọ ọ́ nù. A kì í dà á sí oko tàbí fún ẹran jẹ.