Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Èló ló tọ́ sí ẹni tó bá yín ṣe iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Oníbàárà lórí Fiverr, ìkànnì iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ inú ohùn wákàtí méjì jáde, 100 dọ́là. Iṣẹ́ ti kún ọwọ́ yín, oníbàárà sì gbà kí ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Èló lẹ máa san?

Ẹ má ṣírò lórí 100 o. Fiverr máa ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, 80 ló máa kù.

Ẹ wá wo àkókò. Ohùn wákàtí kan lè gba ẹni tó mọṣẹ́ ní wákàtí mẹ́rin, àgàgà tí ariwo bá wà níbẹ̀ tàbí tí ẹ bá fẹ́ àmì ohùn Yorùbá. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn fún ohùn wákàtí méjì. Bí ẹ bá fún un ní 20 dọ́là, dọ́là méjì àtààbọ̀ ló ń gbà ní wákàtí kan. Ṣé ẹ̀yin á gbà á?

Èrè tọ́ sí ẹ̀yin náà: ẹ̀yin lẹ wá oníbàárà, orúkọ yín ló sì máa bàjẹ́ tí iṣẹ́ ò bá dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni, lójú tèmi, 50 nínú 80 yẹn kò pọ̀ jù fún un.

Ẹ kọ iye owó, ọjọ́ ìsanwó àti iye ìgbà tó máa ṣàtúnṣe sórí WhatsApp kó tó bẹ̀rẹ̀. Owó Fiverr lè pẹ́ tó ọjọ́ 14 kó tó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún un ṣáájú. Bí oníbàárà bá sì sá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó ẹni tó ti ṣiṣẹ́.